Kọ́lẹ́ẹ̀jì Wo ni Ọmọ Ìlàjẹ Yóò Wọ̀?

Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ìpolongo Ẹgbẹ́ bá àwọn òbí àti àwọn ọ̀dọ́ sọ ní Igbókòdá

A mọ̀ pé ẹlòmíràn nínú yín ti wọ ọkọ̀ ojú omi láti ìdájí kí ó tó lè débí. Nítorí náà, a kò ní jẹ́ kí ẹ fi ọwọ́ òfo padà sílé.

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbò, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ta ni yóò dé ipò wo. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tí wọ́n fẹ́ wọ Yunifásítì ni. Lọ́dọọdún, nígbà tí àkókò fọ́ọ̀mù JAMB bá dé, àwọn òbí a máa tọ̀ wá wá, wọn a ní, "Akọ̀wé, ẹ bá wa wo ti ọmọ yìí." Bí a bá bi wọ́n pé kí ni ọmọ fẹ́ kọ́, wọn a dáhùn pé, "Abẹ́òkúta ni," tàbí, "Àkúrẹ́ ni." Orúkọ ìlú ni wọ́n dá, wọn kò dárúkọ iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó bá ń ná ọjà gbọ́dọ̀ mọ ìsọ̀ tí òun yóò yà sí kí ilẹ̀ tó ṣú. Yunifásítì jẹ́ ọjà ńlá. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ó wà nínú rẹ̀ ni ìsọ̀. Ọjà kan náà ni a ti ń ta aṣọ tí a ti ń ta ata, ṣùgbọ́n ẹni tí ó wá ra aṣọ tí ó bá ara rẹ̀ ní ìsọ̀ aláta, òun ni yóò ru ata relé.

ORÚKỌ KAN, ÌTUMỌ̀ MÉJÌ

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀, nítorí pé ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó ń jẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì láyé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Yunifásítì Oxford àti ti Cambridge, kọ́lẹ́ẹ̀jì dà bí agboolé. Cambridge nìkan ní irú agboolé bẹ́ẹ̀ 31. Inú kọ́lẹ́ẹ̀jì ni ọmọ ń sùn, ibẹ̀ ni ó ti ń jẹun, ibẹ̀ ni olùkọ́ ti ń pe ọmọ méjì tàbí mẹ́ta jókòó láti yẹ iṣẹ́ wọn wò. Ṣùgbọ́n Yunifásítì fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe ìdánwò àṣekágbá, òun ni ó sì ń fúnni ní oyè. Ẹni tí ó kọ́ ìmọ̀ òfin ní agboolé kan àti ẹni tí ó kọ́ ọ ní agboolé kejì, ìdánwò kan náà ni wọn ń jókòó sí. Àní wọ́n gba ọmọ láyè níbẹ̀ láti fi orúkọ sílẹ̀ láì dárúkọ kọ́lẹ́ẹ̀jì kankan, kí Yunifásítì bá a wá ọ̀kan.

Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1948, lábẹ́ àbójútó Yunifásítì London, wọ́n kọ́ àwọn ilé ibùgbé ńláńlá fún àwọn ọmọ, irú Mellanby, Tedder àti Kuti. Àwọn ilé wọ̀nyẹn ni ó jọ agboolé ti Oxford, kò sì sí ẹni tí í fi orúkọ ilé ibùgbé wọ Yunifásítì. Ìbàdàn di Yunifásítì tí ó dá dúró ní ọdún 1962. Orúkọ kọ́lẹ́ẹ̀jì wá di ti ẹ̀ka iṣẹ́ ńlá, gẹ́gẹ́ bí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìmọ̀ Ìṣègùn ti ń jẹ́ ní Ìbàdàn àti ní Èkó títí di òní. Ẹni tí ó bá ṣi kọ́lẹ́ẹ̀jì yàn ní Oxford, ibùsùn ni ó ṣì yàn. Ẹni tí ó bá ṣi kọ́lẹ́ẹ̀jì yàn nílẹ̀ wa, iṣẹ́ ọjọ́ ayé rẹ̀ ni ó ṣì yàn. Ẹ mú gbólóhùn yìí dání lọ sílé.

YUNIFÁSÍTÌ TÍ A FI KỌ́LẸ́Ẹ̀JÌ KỌ́

Ẹ jẹ́ kí a mú Yunifásítì Ìmọ̀ Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Abẹ́òkúta, tí gbogbo ayé ń pè ní FUNAAB, ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé orí kọ́lẹ́ẹ̀jì ni wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ kà. Ní ọdún 1983 ni ìjọba dá Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ní ọdún 1984, wọ́n so ó mọ́ Yunifásítì Èkó. Nígbà tí ó di ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1988, ó di Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ tí ó dá dúró. Ọ̀jọ̀gbọ́n Nurudeen Adedipe ni ọ̀gá àgbà rẹ̀ àkọ́kọ́.

Ẹ gbọ́ orúkọ díẹ̀ nínú àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ó wà níbẹ̀, kí ẹ sì mọ iṣẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. COLPLANT ni ti ohun ọ̀gbìn àti ilẹ̀ tí a ń gbìn ín sí. COLANIM ni ti ẹran ọ̀sìn. COLVET ni ti àwọn dókítà ẹran. COLERM ni ti àyíká wa: igbó, omi, ojú ọjọ́ àti ẹja. COLAMRUD ni ti ètò ọrọ̀ ajé oko, ti ìdàgbàsókè ìgbèríko, àti ti ọ̀nà tí ìmọ̀ tuntun fi ń dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀. COLFHEC ni ti oúnjẹ, bí a ti ń ṣe é àti bí a ti ń tọ́jú rẹ̀. COLENG ni ti àwọn ẹnjiníà. Àwọn mìíràn sì wà fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì pọ́ńbélé.

Iye ọdún tí a ń lò nínú wọn kò dọ́gba. Ẹni tí ó kọ́ sáyẹ́ǹsì pọ́ńbélé a máa lo ọdún 4. Ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tàbí iṣẹ́ ẹnjiníà a lo ọdún 5. Dókítà ẹran a lo ọdún 6. Ọmọ tí ó kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ yóò sì fi ọdún kẹrin rẹ̀ ṣiṣẹ́ lóko, yóò di ọkọ́ mú, yóò kó ẹ̀gbin ẹran, yóò wọ inú adágún ẹja. Ó yẹ kí òbí mọ èyí ṣáájú, kí ó má baà wá máa bínú pé wọ́n sọ ọmọ òun di lébìrà.

"ṢÉ ỌMỌ APẸJA NI YÓÒ TÚN LỌ KỌ́ ẸJA?"

A mọ ohun tí ẹ ń sọ lábẹ́ ahọ́n. Bí ọmọ Ìlàjẹ bá sọ pé ìmọ̀ ẹja ni òun fẹ́ kọ́ ní COLERM, bàbá rẹ̀ a ní, "Ṣé mo rán ọ nílé-ẹ̀kọ́ kí o tún padà wá di ohun tí mo jẹ́ ni?" Ìbéèrè náà kò burú. Ó yẹ ní dídáhùn láì rẹ́rìn-ín.

Bàbá mọ afẹ́fẹ́, ó mọ òṣùpá, ó mọ ìgbà tí omi ń kún àti ìgbà tí ó ń fà. Kò sí Yunifásítì tí ó lè kọ́ni ní ìmọ̀ yẹn bí ojú òkun ti kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ mìíràn wà tí ojú òkun kì í dá kọ́ni. Báwo ni a ṣe ń mọ iye ẹja tí ó kù nínú ọ̀sà? Oṣù wo ni ẹja ń yé, tí ó fi yẹ kí a gbé àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ sílẹ̀ kí ó má baà kó ọmọ ẹja lọ? Báwo ni a ṣe ń pa ẹyin ẹja, tí a ń sìn ín nínú adágún tàbí nínú àgò tí a rì sínú omi? Bí epo rọ̀bì bá tú sójú omi tí ẹja kú, ta ni yóò bu omi náà, tí yóò wọn ohun tí ó wà nínú rẹ̀, tí yóò sì kọ ìwé tí ilé ẹjọ́ yóò gbà wọlé? Bí kò bá sí ọmọ wa tí ó lè ṣe é, àlejò ni a óò máa bẹ̀, ẹni tí a sì bẹ̀ ni yóò sọ ohun tí ó wù ú. Nítorí náà, ọmọ tí ó lọ kọ́ ẹja kò padà sẹ́yìn. Ó lọ mú apá kejì iṣẹ́ bàbá rẹ̀ wá sílé ni.

Bákan náà ni ẹ má ṣe rò pé COLERM nìkan ni ó wà fún wa. Àwọn ìyá wa tí ń yan ẹja mọ bí òógùn wọn ti pọ̀ tó, wọ́n sì mọ bí kòkòrò ti ń jẹ ẹja yíyan kí ó tó dé ọjà Èkó. Ọmọbìnrin tí ó bá kọ́ ìmọ̀ oúnjẹ ní COLFHEC lè mọ irú ààrò tí èéfín rẹ̀ kì í ba ojú jẹ́, ó sì lè mọ bí ẹja yóò ti pẹ́ láì bàjẹ́. Ọmọ tí ó bá wọ COLAMRUD lè kọ́ wa bí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ṣe ń ra ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ pọ̀, tí ẹnì kan kò fi ní máa jẹ gbèsè alágbàtà títí ayé. Ẹ̀yin àgbẹ̀ orí ilẹ̀ tí ẹ ń ṣe ọ̀pẹ àti ẹ̀gẹ́, COLPLANT wà fún àwọn ọmọ yín.

A kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ òkun pamọ́. Ní ọdún 1947 ni àwọn ènìyàn wa tẹ Ayétòrò dó, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀, tí wọ́n jọ ń jẹun pọ̀, tí òkìkí wọn sì kàn káàkiri ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Lónìí òkun ti gbé ilé, ilé ìjọsìn àti ojú ọ̀nà lọ níbẹ̀. Láti ọdún 2004 ni a ti ń gbọ́ pé a gbé iṣẹ́ ìdènà omi jáde fún agbaṣẹ́ṣe, omi kò sì yéé wọlé. A kò ní purọ́ fún yín pé ọmọ kan tí ó kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ni yóò dá òkun dúró. Owó ńlá ni iṣẹ́ náà, ìjọba ni ó ni ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá tún jókòó láti jíròrò lórí iṣẹ́ náà, ó yẹ kí ọmọ wa wà níbẹ̀ tí yóò lè ka àwòrán iṣẹ́, tí yóò sọ pé, "Ibí yìí kò dára, bí omi wa ṣe ń ṣàn kọ́ nìyí."

ẸNU Ọ̀NÀ KÒ SÍ NÍ ABẸ́ÒKÚTA NÌKAN

Kì í ṣe gbogbo Yunifásítì ni ó ń lo orúkọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ní Àkúrẹ́, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1981, ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹja, ó sì ní ẹ̀ka ìmọ̀ òkun. Ní ẹ̀gbẹ́ wa níbí, ní Òkìtìpupa, ni Yunifásítì Ìmọ̀ Sáyẹ́ǹsì àti Ẹ̀rọ wà, èyí tí ìjọba ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 2008, tí wọ́n sì fi orúkọ Olóyè Olusegun Agagu pè lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ọmọ Ìjù-Odò ni Agagu, onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti òkúta ni, ó ti kọ́ni rí ní Yunifásítì Ìbàdàn kí ó tó di gómìnà láti ọdún 2003 sí 2009. Ní ìlú Oǹdó ni Yunifásítì Ìmọ̀ Ìṣègùn ti ìpínlẹ̀ wa wà. Ọmọ tí ó bá lè ti ilé lọ sí Òkìtìpupa lè dín owó ilé àti owó oúnjẹ kù. Ọmọ tí ó bá lọ sí Abẹ́òkúta yóò gba Ọ̀rẹ̀ àti Ìjẹ̀bú-Òde kọjá, yóò san owó ilé, kò sì ní lè wálé ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀. Ẹ fi èyí kún ìṣirò yín kí ẹ tó kọ orúkọ sílẹ̀.

ÒFIN TÍ KÒ MỌ OJÚ ẸNIKẸ́NI

Ohun tí ó ń ba àwọn ọmọ wa jẹ́ jù ni pé wọ́n ń yan kọ́lẹ́ẹ̀jì nígbà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì ti kọ̀ wọ́n tán. Ìṣẹ́ kẹ́míkà ni, ìṣirò ni, ìwé mẹ́rin ni JAMB ń fẹ́, Èdè Gẹ̀ẹ́sì sì ni àkọ́kọ́ fún gbogbo ènìyàn. Mẹ́ta tí ó kù ni kọ́lẹ́ẹ̀jì fi ń ṣa ọmọ. Ẹnjiníà ń fẹ́ Ìṣirò, Físíìsì àti Kẹ́mísírì. Dókítà ènìyàn àti dókítà ẹran ń fẹ́ Bàọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì àti Físíìsì. Àwọn ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ń fẹ́ Kẹ́mísírì, wọ́n ń fẹ́ Bàọ́lọ́jì tàbí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, wọ́n sì ń fẹ́ ẹ̀kẹta tí ìwé ìlànà JAMB bá tò sílẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé Kẹ́mísírì kò fi ibì kankan sílẹ̀. Ọmọ tí ó bá sá fún Kẹ́mísírì ní kíláàsì kẹrin sẹ́kọ́ńdírì ti ti ilẹ̀kùn mẹ́ta mọ́ ara rẹ̀ kí ó tó mọ̀ pé ilẹ̀kùn wà. Nítorí náà, ìgbà tí ọmọ bá ń wọ kíláàsì kẹrin ni a ń yan kọ́lẹ́ẹ̀jì, kì í ṣe ìgbà tí a bá ń ra fọ́ọ̀mù. Bí ilé-ẹ̀kọ́ yín kò bá ní olùkọ́ Kẹ́mísírì, ẹ̀yin òbí ẹ para pọ̀, ẹ lọ rí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, ẹ wá a rí.

Ohun kejì ni pé àmì ìdánwò tí ó tó fún kọ́lẹ́ẹ̀jì kan lè má tó fún òmíràn nínú Yunifásítì kan náà. Ní Yunifásítì ti ìjọba àpapọ̀, ìlànà àtijọ́ ni pé nínú àyè 100, 45 jẹ́ ti àwọn tí àmì wọn ga jù láti ibikíbi, 35 jẹ́ ti àwọn ọmọ agbègbè tí ìjọba yàn mọ́ Yunifásítì náà, 20 sì jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tí ètò ẹ̀kọ́ wọn rẹ̀yìn. Ìpínlẹ̀ Oǹdó kò sí nínú ti ìkẹyìn yìí. Ẹ má ṣe gbọ́kàn lé àánú.

Ohun kẹta: láti ọdún 2017, orí ẹ̀rọ tí JAMB ń pè ní CAPS ni ọmọ ti ń rí àyè tí wọ́n fún un, ibẹ̀ náà ni yóò ti sọ pé òun gbà tàbí òun kọ̀. Nígbà mìíràn Yunifásítì lè gbé ọmọ tí ó béèrè fún COLVET sí kọ́lẹ́ẹ̀jì mìíràn. Kí ọmọ má ṣe yára gbà á nítorí ìtìjú, kí ó má sì ṣe yára kọ̀ ọ́ nítorí ìgbéraga. Kí ó jókòó ti òbí rẹ̀. Kí ó má sì ṣe gba ìmọ̀ràn ẹni tí ń sọ pé, "Ṣáà wọlé, wàá fo ògiri bọ́ sí òdì kejì tó bá di ọdún kejì." Àyè àti yípadà kéré, àmì gíga ni wọ́n fi ń gbà á, ẹnikẹ́ni kò sì lè ṣe ìlérí rẹ̀. Ẹni tí ó bá gba owó lọ́wọ́ yín láti bá yín yí i, olè ni.

Ní ti owó, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yá àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba lówó ní ọdún 2024 lábẹ́ àjọ NELFUND. Owó náà kò ní èlé. Owó ilé-ẹ̀kọ́ a máa lọ tààrà sọ́dọ̀ ilé-ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, nígbà tí ó bá ti rí iṣẹ́, ni ọmọ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í san án padà. Gbèsè ni síbẹ̀. Ìdí mìíràn nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ mọ kọ́lẹ́ẹ̀jì tí a ń torí rẹ̀ yáwó.

ÌBÉÈRÈ TÍ Ẹ Ó JỌ DÁHÙN NÍLÉ

Ní alẹ́ yìí, kí bàbá, ìyá àti ọmọ jókòó, kí wọ́n dáhùn ìbéèrè mẹ́rin. Ìkíní: iṣẹ́ wo ni ọmọ yìí máa ń ṣe láì jẹ́ pé a rán an? Ìkejì: àwọn ẹ̀kọ́ wo ni ó ń gbégbá orókè nínú wọn, ṣé àwọn ni kọ́lẹ́ẹ̀jì náà sì ń fẹ́? Ìkẹta: ọdún mélòó ni, èló ni ọdọọdún, láti ibo? Ìkẹrin: bí ó bá parí tí ìjọba kò fún un níṣẹ́, kí ni ó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe? Ẹ má fo ìkẹrin. A kò mọ kọ́lẹ́ẹ̀jì kan tí ó ń fi iṣẹ́ ọ́fíìsì ṣe ẹ̀bùn fún ọmọ tí ó bá jáde. Bí ìdáhùn ọmọ àti ti bàbá kò bá dọ́gba, kí bàbá rántí pé òun kọ́ ni yóò jókòó sí kíláàsì fún ọdún márùn-ún. Kí ọmọ náà rántí pé òun kọ́ ni ó ń ta ẹja san owó.

Ní ti ẹgbẹ́, ohun tí a ń béèrè kò pọ̀. Kí akọ̀wé wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ àwọn ọmọ tí wọ́n wà ní kíláàsì kẹrin sẹ́kọ́ńdírì sílẹ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin, láì bèèrè ẹgbẹ́ tí bàbá wọn ń ṣe. Kí ẹ wá àwọn ọmọ wa tí wọ́n ti jáde ní Yunifásítì, kí wọ́n wá bá wọn sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan ní sáà kọ̀ọ̀kan. Kí ẹni tí ó mọ̀wé ka ìwé ìròyìn yìí fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní ọdún 1955, ohun tí a ń wá nígbà náà ni kí ọmọ ṣáà wọ ilé-ẹ̀kọ́. Wọ́n ti wọlé. Iṣẹ́ tí ó kù fún àwa ni kí wọ́n mọ yàrá tí wọn yóò wọ̀. Kí Olódùmarè fún àwọn ọmọ wa ní ojú tí wọn yóò fi rí i, kí Ó sì fún àwa òbí ní sùúrù tí a óò fi gbọ́ tẹnu wọn. Ọkọ̀ á gúnlẹ̀ sí èbúté ayọ̀ o.